Ẹ lóṣòó tì í bíi Òṣómàáló: bí a ṣe ń dúró ti ọmọ tó ní kánsà

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Tí fọ́tò ọmọ tó ní kánsà bá dé sórí Whatsapp, tí nọ́ńbà àkáǹtì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ò ju ká fi 2k ránṣẹ́, ká kọ "Ọlọ́run á wò ó sàn", ká máa bá tiwa lọ. Kò burú o, èmi náà ti ṣe é láìmọye ìgbà. Àmọ́ láti ìgbà tó ti kan ilé wa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ àbúrò mi obìnrin wú, mo ti rí i pé owó ọ̀sẹ̀ kan ni fọ́tò yẹn ń mú wá, àìsàn ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kan. Kánsà ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ALL, ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ. Ta ló ń rántí fọ́tò Whatsapp lẹ́yìn ọdún méjì?

Ẹ̀yin ará Iléṣà ẹ mọ Òṣómàáló dáadáa. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, òjò ni o, oòrùn ni o, wọn ò ní dìde àfi tówó bá pé lọ́wọ́. Bí mo ṣe fẹ́ ká ṣe ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. (Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ìyá mi ló bí mi sí Iléṣà, torí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti yá ọ̀rọ̀ yín lò.)

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwa fúnra wa ti ṣìṣe. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà kọ́kọ́ wú, màmá wa ní ṣẹ́gẹdẹ̀ ni, wọ́n fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ kùn ún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan eyín ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a gbé e lọ síbì kan, wọ́n yọ eyín méjì, wọ́n ní ó tán. Kò tán. Bó ṣe ń mọ́ ló ń wú sí i, ojú ẹ̀ apá kan ti fẹ́ẹ̀ máa yọ síta, ìgbà yẹn ni ẹnì kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ládùúgbò wa rí i tó pariwo mọ́ wa pé ká gbé e lọ sí tíṣìn, ọsibítù ńlá ti yunifásítì, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Burkitt lymphoma ni wọ́n pè é. Nínú gbogbo kánsà tó ń ṣe ọmọ èèyàn, ó wà lára àwọn tó yára dàgbà jù, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ wá ro ohun tí búlúù àti eyín yíyọ gbà lọ́wọ́ wa.

Torí náà ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ lè ṣe ò gba kọ́bọ̀: ẹ máa wo ọmọ tó wà láyìíká yín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú tí eyín sì ń mì. Ojú tó ń tàn funfun bíi ti ológbò nígbà tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò alẹ́, tí ojú kejì ò sì rí bẹ́ẹ̀. Ikùn tó le gbagidi lápá kan tẹ́ ẹ fọwọ́ bà nígbà tẹ́ ẹ ń wẹ̀ fún un (ẹ má sì máa tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ má pe ará ilé kó wá tẹ̀ ẹ́ wò, dókítà nìkan ni kó tẹ̀ ẹ́). Ibà tí a ti lo oògùn ibà sí lẹ́ẹ̀mẹta tí kò lọ, tí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ funfun, tí imú ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ara ń ní àpá bíi pé wọ́n nà án, tó ń sunkún eegun. Orí fífọ́ tó ń jí ọmọ láàárọ̀ pẹ̀lú èébì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kánsà o, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í ṣe kánsà, àmọ́ ọsibítù ni ká ti lọ gbọ́ pé kì í ṣe é.

Kí n yára sọ èyí kọjá torí pé ó ń bí mi nínú: kánsà kì í ràn. Ọmọ yín lè jẹun pẹ̀lú ẹ̀, kó bá a ṣeré. Ọ̀pọ̀ kánsà ọmọdé ni kò ní ohun kan téèyàn lè nawọ́ sí pé òun ló fà á, torí náà ẹ yé bi ìyá ọmọ léèrè ohun tó jẹ nígbà tó wà nínú oyún, ẹ yé wá ẹni tó lọ ta á nínú ẹbí bàbá.

Ó yá, ká wá bọ́ sórí owó, ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Nǹkan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé Burkitt máa ń gbọ́ oògùn kíákíá. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, kí ọjọ́ mélòó kan tó pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń fà, ojú ti padà sáyè ẹ̀, ọmọ ń béèrè dòdò. Inú wa dùn débi pé àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdúpẹ́, bàbá ọmọ wá ní ó ti yá, ká máa lọlé, owó tó kù ká fi san owó ilé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kú nìyẹn! Ohun tójú rí ti lọ àmọ́ gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀, tó bá padà wá ó máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹbí ṣe ń pa ìtọ́jú tì láàárín méjì wà lára ohun tó ń pa ọmọ tó ní kánsà jù nílẹ̀ wa àti láwọn ìlú tó dà bíi tiwa. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé bíi 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni kánsà ń mú lọ́dọọdún, láwọn ìlú olówó ju 80 nínú 100 lọ ló ń yè é, láwọn ìlú tí ò lówó ó lè má tó 30. Oògùn tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún àti èyí tí wọ́n ń lò níbí, púpọ̀ nínú ẹ̀ ọ̀kan náà ni. Ọ̀nà tí a máa ń gbà dé ìdí oògùn náà ló yàtọ̀, àti pé ṣé a ó padà lọ.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran ẹbí kan lọ́wọ́, ẹ sanwó ọkọ̀. Mo mọ̀ pé kò dùn ún gbọ́ létí bíi pé ẹ sanwó iṣẹ́ abẹ, kò sẹ́ni tó máa ya fọ́tò yín pẹ̀lú owó ọkọ̀. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó tàbí Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti ọmọ, àlọ àti àbọ̀, ọ̀kadà láti oko bọ́ sí títì, oúnjẹ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá tún ní kó sùn ńkọ́? Bó ṣe ń jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta nìyẹn.

Bí àwa ṣe ṣe é rèé. A kó èèyàn mẹ́jọ jọ, kì í ṣe ẹbí nìkan, ọ̀rẹ́ àbúrò mi wà níbẹ̀, ẹni tó ń ránṣọ nítòsí Lagere wà níbẹ̀. A ń dá a bí a ṣe ń dá àjọ, oṣù-oṣù, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè dá láì dákun dábọ̀, ìyàtọ̀ ẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ọmọ kan náà ló ń kó o títí a fi parí. A ò gbé owó náà fún bàbá ọmọ, kì í ṣe pé olè ni, àmọ́ tówó bá wà nílé nǹkan á máa wá a. Màmá kan tó ti ń gba àjọ fún ogún ọdún ló ń tọ́jú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ a ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà lára ògiri, a pín in fún ara wa, ẹni tó bá kàn ló máa pè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, "ẹ ti múra? ta ló ń tẹ̀lé yín?", owó ọkọ̀ á sì ti wà nínú ènfílóòpù. Owó oògùn àti tẹ́ẹ̀sì, ẹ bá wọn dé ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń sanwó ní ọsibítù, ẹ gba rìsíìtì, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì.

Ìyá ọmọ náà, ata ló ń tà l'Ọ́jà Tuntun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí kò dé ìsọ̀, owó ọjà ti wọ inú oògùn lọ, ata tó kù ti rà. Ẹnì kan nínú wa ló ní òun á máa bá a jókòó ti ìsọ̀ náà ní ọjọ́ kìmó, ìyẹn ọjọ́ tí ọmọ bá lọ gba oògùn kánsà. Mo rò pé ìyẹn ṣe ju gbogbo owó tí a dá lọ, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ láti fojú kéré owó.

Kẹ́ ẹ tó ju fọ́tò síta rárá, ẹ lọ bá àwọn sóṣíà wọ́kà tó wà nínú ọsibítù, iṣẹ́ wọn ni láti mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ìlera pẹ̀lú, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní tiẹ̀, ìjọba àpapọ̀ náà ní òfin tuntun lórí ẹ̀ láti 2022, kẹ́ ẹ bi wọ́n léèrè ní pàtó ohun tó bò àti ohun tí ò bò. Tó bá di dandan pé kẹ́ ẹ ju fọ́tò, bí a bá ń sunkún a máa ń ríran: ẹ bo ojú ọmọ, ẹ má kọ orúkọ ilé ìwé ẹ̀. Ọmọ yẹn máa dàgbà, ó máa wá iṣẹ́, ó máa fẹ́yàwó, fọ́tò náà á ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì wọn 50 kílò, tára ẹ̀ le, lè fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè yín láàárín òru. Kìmó máa ń pa ẹ̀jẹ̀ mọ́ kánsà ni, torí náà ọmọ lè nílò ẹ̀ léraléra, àwọn platelet tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kì í sì í lò ju ọjọ́ bíi márùn-ún lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, èèyàn ò lè kó o pamọ́ bí ẹní kó gàrí. Ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ asalátù, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, ẹ kọ orúkọ ara yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ pín oṣù mọ́ra yín lọ́wọ́.

Nílé, ẹ bá wọn ra tẹmómítà. Ẹ̀bùn kékeré ni, ó lè gba ẹ̀mí là. Ọmọ tó ń gba kìmó, tí ara ẹ̀ bá gbóná dé 38, kí wọ́n má ṣe ní àwọn á fún un ní parasítámọ́ọ̀lù kí ilẹ̀ tó mọ́, ọsibítù ni, lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, torí pé ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti tín-ín-rín, kòkòrò lè borí ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ní mọ́tò tó máa gbé wọn lọ láago kéjì òru, kẹ́ ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí kẹ́míìsì gún un lábẹ́rẹ́. Tí ọmọ kan ládùúgbò bá ní ìgbóná olómi (ṣíkìnpọ́ọ̀sì) tàbí èéyi, ẹ sọ fún dókítà kíá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó gbà á.

Àgbo wá ń kọ́? Mi ò ní bá màmá yín jà. Ohun tí mo sọ fún tiwa ni pé àgbo tí ẹ ò bá lè gbé síwájú dókítà kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ má fún un mu, torí pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín kan náà ló ń bá àgbo àti kìmó ṣiṣẹ́. Wọ́n bínú. Inú wọn rọ̀ nígbà tó yá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìwádìí. Wọ́n gbé fọ́ọ̀mù wá pé àwọn ń ṣe ìwádìí, kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí i, ni gbogbo ilé bá dàrú, "ṣé eku lọmọ wa ni?" Mo lóye ìbẹ̀rù yẹn. Àmọ́ ẹ wò ó, oògùn tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà fà lọ́jọ́ mélòó kan, ọmọ ẹlòmíì ló kọ́kọ́ wà nínú ìwádìí kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lò. Ní 1958 ni Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú. Ó gbé mọ́tò rìn káàkiri ìlú lóríṣiríṣi láti wo ibi tí àìsàn náà wà àti ibi tí kò sí, ó sì rí i pé ibi tí ibà ẹ̀fọn ti ń jà ló pọ̀ sí. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, òun sì ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ kánsà ọmọ èèyàn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wa ló ní fáírọ́ọ̀sì yẹn lára tí kò ṣe wá ní nǹkan kan o, ẹ má bẹ̀rù.

Ká má lọ jìnnà, Ifẹ̀ níbí wà nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú Ìbàdàn, Nairobi àti Dar es Salaam, àbájáde ẹ̀ jáde ní 2012. Àwọn tó lé ní 350 ló wà nínú ẹ̀, wọ́n lo oògùn mẹ́ta tí kò ṣòro rí, cyclophosphamide, vincristine àti methotrexate, àwọn tí àìsàn bá padà sí lára ní oògùn mìíì tí wọ́n gbé sílẹ̀ dè wọ́n. Lẹ́yìn ọdún méjì, ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ ló wà láàyè. Ìyá àti bàbá tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ló jẹ́ ká mọ̀ pé ó ṣeé ṣe nílẹ̀ wa.

Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ kàn fọwọ́ sí nǹkan tẹ́ ẹ ò lóye. Ẹ ní kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù náà ní Yorùbá. Ẹ bèèrè ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fọwọ́ sí i, gbogbo ìwádìí tó mọ́ ló ní in. Kí ni wọ́n máa ṣe tó yàtọ̀ sí ìtọ́jú tí ọmọ ì bá gbà tẹ́lẹ̀? Ta ló ń san owó tẹ́ẹ̀sì tó lé? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà, ibo ló ń lọ? Tí a bá ní a ò ṣe mọ́ lọ́la, ṣé ìtọ́jú á máa lọ bó ṣe ń lọ? (Ìdáhùn tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá ń kákò níbẹ̀, ẹ dìde.) Tí ọmọ bá ti gbọ́n tó láti lóye, kí wọ́n bi òun náà. Kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yín dání.

Ohun tí ìwádìí nílò lọ́wọ́ wa jù, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, nọ́ńbà fóònù ni. Tí ọmọ bá parí ìtọ́jú tí wọn ò rí i mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ó yè tàbí kò yè, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ á kàn rọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta: ti ìyá, ti ẹ̀gbọ́n tí kì í yí láìnì, ti aládùúgbò. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò ní Parakin lọ sí Òsú, ẹ pè wọ́n. Tí wọ́n bá pè yín, ẹ gbé e.

Títí kan tí ọmọ bá ti kú. Ó ṣòro láti kọ, àmọ́ mo máa kọ ọ́. Ìyá kan wà tí bẹ́ẹ̀dì ọmọ tiẹ̀ àti ti ọmọ wa kọjú síra, ọmọ náà kò yè é. Ọdún kan lẹ́yìn náà ẹnì kan láti ibi ìwádìí pè é láti béèrè bí ọmọ ṣe wà. A rò pé ó máa bú onítọ̀hún ni. Kò bú u, ó jókòó sórí àpótí ó bá a sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ kẹ́yìn, gbogbo ẹ̀. Ó sọ fún àbúrò mi pé láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ẹni yẹn nìkan ló pe orúkọ ọmọ òun sí òun létí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lówó, tẹ́ ẹ wà ní òkè òkun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí, kì í ṣe ẹ̀rọ ńlá nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Owó ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú rẹ́jísítà, kírẹ́díìtì tí wọ́n fi ń pe àwọn òbí, kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ló ń gbé ìwádìí ró. Àkáǹtì ilé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ san án sí, kì í ṣe ti èèyàn kan, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìròyìn ohun tí wọ́n fi ṣe ránṣẹ́ sí yín lọ́dọọdún.

Lóṣòó tí mo ń wí yìí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Láti 2003 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní irú kánsà ẹ̀jẹ̀ kan, CML, ní oògùn Glivec lọ́fẹ̀ẹ́ ní OAUTHC, tíṣìn Ifẹ̀ níbí, àgbà ló pọ̀ nínú wọn, àwọn èèyàn ń wá láti ìlú jíjìn ní Nàìjíríà, wọ́n ń padà wá ọdún dé ọdún. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó wà ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà tẹ̀lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé láti ọjọ́ ìbí wọn, inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti jáde, tó di ohun tí wọ́n ń lò káàkiri ayé. Àwọn ìyá fúnra wọn ló ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ìyá oko, tí kò kàwé, kò sọ káàdì nù!

Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ tó bá parí kìmó. Lọ́jọ́ tó bá parí, kẹ́ ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé kan tó sọ orúkọ kánsà náà, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, gbogbo oògùn tó gbà àti iye ẹ̀, bóyá wọ́n lo iná tí wọ́n fi ń jó kánsà (radiotherapy), ibi tí wọ́n lò ó sí. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì mẹ́ta, ẹ ya á sórí fóònù, ẹ fi ọ̀kan sínú nọ́lọ́ọ̀nù. Ìdí ẹ̀ ni pé oògùn tó gba ọmọ là lè fi nǹkan sílẹ̀ lára tí kò ní hàn títí ọdún mẹ́wàá. Oògùn tó ń jẹ́ doxorubicin lè sọ ọkàn di aláìlágbára, èyí tó ń jẹ́ cisplatin lè mú etí di, iná tí wọ́n bá lò sí orí lè jẹ́ kí ìwé kíkà ṣòro tàbí kí ọmọ má ga, àwọn míì lè ṣèdíwọ́ fún ọmọ bíbí lọ́jọ́ iwájú, ẹ má tijú, ẹ bi dókítà léèrè èyí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Vincristine ní tiẹ̀ máa ń mú ìka kú tìpìrì, ọmọ wa ò lè di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Ilé ìwé náà, ẹ lọ rí hẹdmásítà kí ọmọ tó padà. Wọ́n á bú u "orí kodoro", wọ́n á ní kó lọ bá àwọn ọmọ tó kéré sí i tún kíláàsì ṣe. Ẹ ní kí tíṣà má nà án, kí wọ́n gbà á láàyè láti jáde mu omi, kí wọ́n máa fún un ní iṣẹ́ kíláàsì mú lọ sí wọ́ọ̀dù. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ tó wà nílé náà ń kọ́? Tẹ́ ẹ bá ra bisikíìtì fún aláìsàn, ẹ ra fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ wa sọ pé òun náà fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun wú.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Ọdọọdún ló ń lọ ṣe ayẹ̀wò, àwọn mẹ́jọ tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti ku mẹ́fà, ẹnì kan ti kó lọ sí Èkó, ẹnì kan bá wa jà. Túsìdeé tó ń bọ̀ ni ọjọ́ ẹ̀, èmi ló kàn láti pè é nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, ènfílóòpù owó ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ màmá tó ń gba àjọ.